Ìkà Kò Déédéé Ṣèkà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ Eré ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé eré, ẹ̀yin olùdarí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ara yín gbé eré jáde,

A kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà owó epo jẹnẹrétọ̀. Àwa tí à ń kọ lẹ́tà yìí la máa ń ka ìwé eré kí ó tó dé iwájú kámẹ́rà. À ń yẹ ìran wò níkọ̀ọ̀kan, a ó kọ ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, a ó sì dá a padà fún ẹni tó ni í. Ọ̀rọ̀ kan la fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ìkà inú eré yín ni.

Bí ìkà ṣe máa ń wọlé nìyí nínú ọ̀pọ̀ ìwé eré tó ń dé ọwọ́ wa. Ní ìran kìíní, ó dá wà nínú yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ìran kejì, ó yọ ìgò májèlé lápò. Nígbà tí ìran kẹta yóò fi dé, májèlé ti wọ inú ọbẹ̀. Bí a bá bi ẹni tó kọ ọ́ pé kí ló dé tí obìnrin yìí fẹ́ pa ọmọ orogún rẹ̀, yóò ní, "Ìkà ni, ṣé ẹ ò rí i ni?" A rí i. Ohun tí a ò rí ni nǹkan tó ń ba obìnrin náà lẹ́rù. Òǹwòran náà ò rí i, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín dípò kí àyà wọn já.

Nínú ìtàn àròsọ, ìwà ìkà kì í sábà ti ibi agbára wá. Ibi tí èèyàn ti kù díẹ̀ káàtó ló ti ń yọjú: ìbẹ̀rù, ìtìjú, owú, ìmẹ́lẹ́, àìlèsọ pé "n kò mọ̀ ọ́n". Ẹ̀dá ìtàn yín ní nǹkan kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí. Ẹnìkan wá fẹ́ rí i. Kò ní agbára tí yóò fi gba ìtìjú ìṣẹ́jú kan, ló bá fi ẹlòmíràn dí ojú rẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nìyẹn.

Ará Ọ̀yọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí, torí nílé wọn ni àpẹẹrẹ rẹ̀ pọ̀ sí. Ṣàngó tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, kí ló ń bà á lẹ́rù? Àwọn jagunjagun tirẹ̀ méjì ni, Tìmì àti Gbọ̀ǹkáà. Wọ́n ti lágbára ju bó ṣe fẹ́ lọ, kò sì lè pè wọ́n kí ó sọ ọ́ fún wọn lójúkojú. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, ó rò pé yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Tìmì ò kú, ó gbilẹ̀ ni. Ọba tún rán Gbọ̀ǹkáà sí i. Gbọ̀ǹkáà mú Tìmì bọ̀ láàyè, ọba ní kí wọ́n tún jà lójú òun. Gbọ̀ǹkáà pa Tìmì, ọba ní kí wọ́n dáná sun Gbọ̀ǹkáà, iná ò sì jó o. Bí Dúró Ládípọ̀ ṣe gbé e sórí ìtàgé ní 1963 nínú Ọba Kò So nìyẹn. Ẹ tún un kà, kí ẹ wo bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe le ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, tó sì jẹ́ pé ìbẹ̀rù kan náà ló ń tì í. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti ní kí ọba ó rẹ́rìn-ín ìkà.

Ọ̀rọ̀ Gáà ńkọ́? Ọ̀yọ́ ló ń sọ ọ́ pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Ìgbẹ̀yìn Gáà ni òwe yẹn sọ, kò sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi Gáà ṣe àwòkọ́ṣe náà ò sọ ọ́. Láti 1754 tó ti di Baṣọ̀run, olórí àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́, títí di 1774 tí Aláàfin Abíọ́dún ká a mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni Aláàfin mẹ́rin, Lábísí, Awọ́nbíojú, Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé, bá lọ. Ẹ fara balẹ̀ wo ipò rẹ̀: ó lè fi ọba jẹ, ó lè ní kí ọba ó lọ sùn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè jọba láéláé, torí kì í ṣe ọmọ oyè Aláàfin. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ kọ Gáà mìíràn ti gbé ìtàn rẹ̀. Nínú Baṣọ̀run Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, ohun tó máa ń dun òǹwòran jù kì í ṣe ikú àwọn ọba yẹn. Ọmọbìnrin Abíọ́dún tó ń jẹ́ Àgbọ̀nyín ni: wọ́n ń wá ẹran àgbọ̀nyín fún ẹbọ, wọn ò rí i, wọ́n bá mú ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ ẹran náà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í wá ẹbọ kiri.

Ẹfúnṣetán la fẹ́ fi kìlọ̀ fún yín. Nínú eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, obìnrin tí kò lọ́mọ mọ́ pa á láṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ó sì ní kí wọ́n bẹ́ Adétutù, ẹrú rẹ̀, lórí pẹ̀lú oyún nínú. Eré náà lágbára, torí pé ó fi ìbànújẹ́ àti ọlá sínú èèyàn kan ṣoṣo: ẹni tó ń sunkún náà ló ni idà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òǹkọ̀wé ló ṣa ìdí kan ṣoṣo yẹn jáde nínú ọ̀pọ̀. Ẹfúnṣetán tó gbé ayé rí jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn, ògbóǹtarìgì oníṣòwò. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú níbi ìrọbí, àárín òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, sì dàrú lórí ọ̀rọ̀ ogun àti gbèsè kí wọ́n tó pa á ní 1874. Láti ìgbà tí eré yẹn ti jáde, ó ti di pé gbogbo obìnrin tí kò bímọ nínú sinimá wa gbọ́dọ̀ máa pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àgàn sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ fi ìyá ọkọ náà kún un. Ẹ sì fi arọ àti abuké náà sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ara tí kò pé kọ́ là ń pè ní kùdìẹ̀kudiẹ níhìn-ín. Ohun tí èèyàn ń ṣe kí wọ́n má baà rí ìdí rẹ̀ là ń sọ. John Steinbeck, ọmọ Amẹ́ríkà, mọ ìyàtọ̀ yẹn nígbà tó kọ Of Mice and Men ní 1937. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Crooks. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, aláwọ̀ dúdú sì ni láàárín àwọn òyìnbó tó ń gbé oko náà, wọn kì í jẹ́ kí ó wọ yàrá tí àwọn yòókù ń sùn. Kì í ṣe ẹ̀yìn tó tẹ̀ ló sọ ọ́ di ìkà, ìdáwà ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Lennie, sìgbọnlẹ̀ tí ọgbọ́n rẹ̀ kò pé, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé bí George ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá padà wá mọ́ ńkọ́? Ó ń wo bí ẹ̀rù ṣe ń ba Lennie, ó ń gbádùn rẹ̀. Nígbà tí Lennie dìde tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, kíá ló yí ohùn padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìyàwó Curley, ọmọ ọ̀gá oko náà, wọlé, tí òun náà dá wà, tó sì halẹ̀ mọ́ Crooks pé òun lè ní kí wọ́n so ó kọ́ sórí igi. Crooks kò lè fọhùn mọ́. Ìkà ò wo òkè, ìsàlẹ̀ ló ń wò. Bí ẹ bá ń kọ eré, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó wà nísàlẹ̀ ìkà yín, torí òun ni gbogbo rẹ̀ máa já lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan báyìí, ká tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Àròsọ ni, ẹni tó bá wù lè gbà á lò.

Ọkùnrin náà ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò, Bàbá Akápò ni wọ́n sì ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kò jẹ owó ẹnikẹ́ni rí. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: kò mọ̀wé kà. Ìbuwọ́lù rẹ̀ nìkan ló kọ́ bí a ti ń kọ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àjọkẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tó sì wà ní SS3, ló ń bá a kọ ìwé owó.

Ojú ìwé kan nínú ìwé eré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan nínú àwòrán, nítorí náà eré wákàtí kan àbọ̀ yóò gbà tó ojú ìwé 90. Kí ojú ìwé 10 tó pé, ẹ jẹ́ ká ti rí àìmọ̀wé yìí lẹ́ẹ̀mejì, kí ó má sì tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó pa wá lẹ́rìn-ín: wọ́n fún un ní ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó ní òun gbàgbé gíláàsì òun sílé, gíláàsì sì wà lórí rẹ̀ ganganran. Ní ìgbà kejì, kí ẹ̀rín dín kù: álẹ́ẹ̀tì báǹkì dún lórí fóònù rẹ̀, ó na fóònù sí Àjọkẹ́. Bí ọmọ náà ṣe ń kà á, ojú ọmọ náà ni Bàbá ń wò, kì í ṣe fóònù. Kí kámẹ́rà ó dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi orin sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé.

Ìyọnu wá dé. Ọmọ ẹgbẹ́ kan wá yá ₦300,000 lọ́jọ́ tí Àjọkẹ́ wà nílé-ìwé. Ó ti kọ ìwé àdéhùn wá láti ilé, ₦30,000 ló kọ sínú rẹ̀. Bàbá ka owó fún un pé pérépéré, torí ó mọ owó kà dáadáa, ó sì buwọ́ lu ìwé. Lálẹ́, Àjọkẹ́ da iye inú ìwé àdéhùn kọ sínú ìwé owó. Nígbà tí wọ́n ṣírò lópin ọdún, onígbèsè dá ₦30,000 padà, ó fi ìwé hàn wọ́n, ìwé owó sì gbè é lẹ́yìn. ₦270,000 ti rá nínú àpótí ẹgbẹ́. Gbólóhùn kan péré ló lè tú gbogbo rẹ̀ fó: "Ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ni mo kà fún un, n kò mọ ohun tó kọ síwèé torí n kò mọ̀wé kà." Kò lè sọ ọ́.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti sáré. Ẹ ó ní kí ó lọ bá babaláwo, kí Àjọkẹ́ ya wèrè. Ẹ rọra. Akọ̀wé ẹgbẹ́ béèrè pé, "Ta ló ń kọ ìwé owó?" Bàbá ní, "Àjọkẹ́ ni." Òótọ́ ni. Àkọ́kọ́ nínú ìwà ìkà rẹ̀ nìyẹn, irọ́ kankan ò sì sí nínú rẹ̀. Èyí tó bá máa jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òǹwòran yóò fi rò pé òun náà lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tú ẹrù Àjọkẹ́ wò, wọ́n bá ₦27,000 nínú rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fún un, owó ìdánwò WAEC ni. Ọmọ náà yíjú sí i, ó ń retí kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ń wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ti di ìkejì, ìdákẹ́jẹ́ ló sì fi ṣe é.

Ní òru ọjọ́ yẹn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Rótìmí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ fún wọn. Ẹ ò jalè, ìwé lẹ ò mọ̀." Kí ó má bínú, kí ó má pariwo. Kí ó kàn fèsì pé, "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣe akápò." Kò dáhùn ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ, a sì mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ìran yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí láìsí i, a óò máa rò pé kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un. Ọ̀nà wà. Ó rí i, kò gbà á. Láti ìgbà yẹn lọ, ìkà ni, kì í ṣe ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbogbo ẹgbẹ́ jókòó, Àjọkẹ́ dúró láàárín. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, Bàbá kì í ka ìwé kí wọ́n tó... Bàbá ò mọ..." Gbólóhùn náà ò parí. Bàbá Akápò ti dìde, ó ti gbá a létí. Nítorí ìgbájú yìí lẹ ṣe kọ ojú ìwé 60 tó ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin tí kò gbá ọmọ létí rí dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu, torí ìdajì gbólóhùn tó kù. Ẹ sọ fún òṣèré kó má yọ ojú, kó má gbin. Lẹ́yìn tó bá gbá a tán, kí ọwọ́ kan náà wọ àpò lọ wá gíláàsì.

Ẹ wò ó, kò sí oògùn nínú eré yìí, kò sí ìbọn, kò sí àwòrán kọ̀ǹpútà. Yàrá kan, ìsọ̀ sìmẹ́ńtì kan, gbọ̀ngàn ìpàdé kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó, ẹ ṣírò rẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló ń dààmú wa jù. Ọ̀kan ni kí òǹkọ̀wé gbé kùdìẹ̀kudiẹ pamọ́ di ojú ìwé 85, kí ìkà wá jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ó máa ròyìn ìyà tó jẹ ní kékeré. Ó ti pẹ́ jù. Iyọ̀ tí a bù sọ́bẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fọ abọ́ ni. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n kí ìwà ìkà tó bẹ̀rẹ̀, àwíjàre lásán ni yóò jọ.

Èkejì ni "iṣẹ́ èṣù ni". Ìkà á yíràá nílẹ̀ ní ìran ìkẹyìn, á ní èṣù ló lo òun, tàbí kí ó ya wèrè, kí ó máa jẹ́wọ́ láàárín ọjà Akẹ̀sán bí ẹni tí wọ́n fi epo pa lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ èṣù ni, kí la fi àìmọ̀wé Bàbá Akápò ṣe látojú ìwé kìíní? Ẹ ti gba ẹ̀bi lọ́rùn ẹni tó ni í, ẹ sì ti gba ìtàn lọ́wọ́ òǹwòran. Bàbá Akápò kò nílò wèrè. Kí wọ́n tún un yàn sípò akápò ti tó o. Kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n gbé ìwé owó tuntun lé e lọ́wọ́, kí Àjọkẹ́ má sì sí nílé mọ́ tí yóò bá a kọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí wọ́n ń ṣèkà sí kì í ní ayé tirẹ̀. Ó kàn ń sunkún láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹ fún Àjọkẹ́ ní nǹkan tó ń lé. Ó fẹ́ ṣe WAEC, ó fẹ́ wọ LAUTECH, ó ní ọ̀rẹ́ tó máa ń bá ṣàwàdà, ó tiẹ̀ lè ní ẹnu díẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ẹni mímọ́, òǹwòran yóò káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní mọ ohun tó sọnù.

Ọ̀nà méjì la fi máa ń dán ìwé eré wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin náà lè fi dán tiyín wò kí ẹ tó pe òṣèré. Ẹ yọ kùdìẹ̀kudiẹ náà kúrò pátápátá, kí ẹ wá tún ìwé náà kà. Bí gbogbo ìwà ìkà bá ṣì lè ṣẹlẹ̀ bó ṣe wà, kùdìẹ̀kudiẹ yẹn kì í ṣe gbòǹgbò, aṣọ tí ẹ wọ̀ fún un ni. Bí Bàbá Akápò bá mọ̀wé, eré tán ní ojú ìwé 20. Ìyẹn ni pé ó dúró. Èkejì: ẹ fún ẹnìkan tí kò mọ ìtàn náà kà dé ojú ìwé 60, kí ẹ bi í bóyá àánú ìkà náà ń ṣe é, kí ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdáhùn sí méjèèjì. Bí àánú nìkan bá wà, ẹ ti ń gbèjà rẹ̀. Bí kò bá sí àánú rárá, ẹ ti padà sídìí ẹ̀rín inú yàrá yẹn.

Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá ń fi ìwé eré ránṣẹ́ sí wa, ẹ bá wa fi ojú ìwé kan ṣáájú rẹ̀. Kí ẹ kọ síbẹ̀: kí ni ìkà yín ń fi pamọ́, ta ló sún mọ́ ọn jù tó lè rí i, ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ni nǹkan kékeré àkọ́kọ́ tó ṣe, ojú ìwé wo sì ni ẹnìkan ti ṣí ilẹ̀kùn fún un tó kọ̀ láti gbà á kọjá. Ìlà márùn-ún tó. Ẹni tí kò bá lè kọ márààrún, kó má tíì fi ìyókù ránṣẹ́.

Ire o,

Àwa tí à ń ka ìwé eré yín, Ògbómọ̀ṣọ́